Kí Ẹ Tó Ka Sáàmù 109 Lé Ẹnikẹ́ni Lórí

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìlaròó àti Ayétòrò, mo ń gbọ́ yín lóru. Bí ọjà kò bá tà, ẹ ó ṣí Sáàmù 109, ẹ ó dárúkọ ìyá arúgbó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á láti ẹsẹ 1. Ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, tí wọ́n kórìíra láìnídìí, ló ń ké pe Ọlọ́run níbẹ̀. Láàárín ẹ̀yin àti ìyá yẹn, ta ni wọ́n ń parọ́ mọ́?

Jeremáyà 29:11, ìlérí ọjọ́ iwájú rere tí ẹ ń kọ sára kẹ̀kẹ́, ńkọ́? Lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni. Ẹsẹ 10 sọ̀rọ̀ nípa ọdún 70 ní Bábílónì. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin nǹkan.

Ẹ ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èdè kò lè jẹ́ àwáwí: láti 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá ti wà, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa kà á sókè pẹ̀lú àwọn àgbà ilé. Ìyá tí ẹ dárúkọ lánàá ńkọ́? Ẹ lọ kí i.