Píìkì wo ló yẹ gìtá jáàsì?

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀sí, ìpínlẹ̀ Kwara. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ jáàsì, ṣùgbọ́n ariwo píìkì tí mo fi ń ta okùn ń bo ohùn orin. Irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó jọ pé píìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lò ń lò. Ó dára tí a bá ń na gbogbo okùn pọ̀ láti gbe orin ìjọ. Ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ọ̀kan la sábà máa ń ta nínú jáàsì, píìkì fẹ́lẹ́ á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó fi okùn sílẹ̀, á wá dún "ta!" Wá èyí tó nípọn, láti mìlímítà 1 sókè. Píìkì Jazz III tí ilé-iṣẹ́ Dunlop ń ṣe kéré, ó nípọn tó mìlímítà 1.38, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ díẹ̀ péré láàárín ìka rẹ, kó sì dagun sí okùn. Bí ohùn bá ṣì mú jù, yí i padà, fi èjìká rẹ̀ tó rí roboto ta á. Ohùn á rọ̀.

Kí o tó náwó, kọ́kọ́ gbìyànjú àtàǹpàkò rẹ lásán. Òun ni Wes Montgomery ará Amẹ́ríkà fi ta gìtá rẹ̀ nínú àwo The Incredible Jazz Guitar, tó jáde ní 1960.