Àpérò: Ibi Tí A Ti Ń Yẹ Ìmọ̀ Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin! Kí ni olùwádìí ń wá lọ sí àpérò?

Ní ọdún 1969, Apollo 11 kó òkúta àti erùpẹ̀ tó lé ní kìlógíráàmù 21 bọ̀ láti inú òṣùpá. Wọ́n pín nínú rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé kí ẹnikẹ́ni má kéde àbájáde tirẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé ní Houston, Amẹ́ríkà, ní January 1970. Níbẹ̀ ni oníkálukú ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni àpérò yìí ń wáyé, àfi ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dá a dúró.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́. Èkíní, àmánà ni ìmọ̀. Ẹni tó bá ṣe àdéhùn, kí ó mú un ṣẹ. Èkejì, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀kẹta, ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí; ẹni tí wọ́n bá fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, kí ó dúpẹ́, kí ó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sọ pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò kàn wá. Farouk El-Baz, ọmọ Íjíbítì, ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń yan ibi tí Apollo yóò balẹ̀ sí lórí òṣùpá. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè béèrè ibi tí ẹ ó ti máa kírun.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.