Oògùn Ìsanra: Ẹ Rọra Ná

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín fẹ́ ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ wóró oògùn wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n ní ó ń múni sanra, ni mo bá wá. Dexamethasone ni wọ́n sábà máa ń tà fún un. Ẹ ní kí ọmọ lè kún inú aṣọ.

Sísanra àti títẹ́ẹ́rẹ́ ní alákòóso nínú ara. Ní 1960, onímọ̀ kan, Winifred Doane, kọ̀wé nípa irú kantíkantí kan, àwọn tó ń rọ̀ mọ́ ẹnu agbè ẹmu yìí náà, tí ìran wọn ti Kàdúná wá. Wọ́n sanra, ebi kì í sì í tètè pa wọ́n kú. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Adipose ló bàjẹ́ lára wọn. Ní 2007, onímọ̀ mìíràn, Jonathan Graff, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas rí i pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe lára aràn àti eku. Ó wà lára àwa ènìyàn náà. Òun ló ń di PPAR-gamma lọ́wọ́ mú, èyí tó ń pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì di sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Eku tí Adipose rẹ̀ pọ̀ ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i pé títẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ yín lè jẹ́ ogún ìdílé!

Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ sọ sẹ́ẹ̀lì eku di ọ̀rá nínú àwo, dexamethasone wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n sábà ń dà sí i. Òun lẹ ń fi omi gbé mì láàárọ̀ kùtù. Oògùn gidi ni o, dókítà ń fi í tọ́jú àìsàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú rogodo, ọ̀rá á yọ iké lẹ́yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ á sì máa tín-ín-rín, nítorí ó ń jẹ ẹran ara. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀ lé e. Èmi ò pe ìyẹn ní ìsanra.

Ẹni tó bá sì ń rù lójijì, àyẹ̀wò ló yẹ ẹ́: ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì. Ara lè ti jáwọ́ nínú pípèsè èròjà tirẹ̀ tó jọ oògùn yìí. Èèyàn lè ṣubú lulẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn ìjọba, kí dókítà sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù.