Ọmọdé Lórí Síkì: Ẹ Jẹ́ Kí Ara Rẹ̀ Gbẹ

Ní Minnesota, Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìdílé wa kan ń gbé, ọmọ ọdún 3 tàbí 4 lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ síkì, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí à ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni kó ti kọ́kọ́ rìn, láìmú ọ̀pá dání, kó lè mọ ìdúró. Ìṣẹ́jú 20 ti tó.

Ọ̀rinrin ló ń fún òtútù lágbára. Aṣọ òwú a máa fa òógùn mọ́ra. Ẹ fi aṣọ onírun àgùntàn sí abẹ́. Bí ọmọ bá ṣe àlùwàlá, ẹ nu ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, títí dé àárín ìka, kó tó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀.

Lára adúláwọ̀, ibi tí òtútù bá jẹ lè rí bí eérú, kó sì kú tipiri. Ẹ má ra á, ẹ má sì yá a níná. Ẹ gbé ọmọ wọlé, ẹ ki ibẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì wá dókítà.

Ohun àfiṣọ́ ni ọmọ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun bá wa dá wọn sí. Àmín.