Àrà Tí Ọmọ Iṣẹ́ Dá

Ìbéèrè: Aláàdìrẹ ni mí ní Abẹ́òkúta, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló sì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fi òòyà fa ìlà sínú ẹ̀kọ tí a fi kun aṣọ láì gbàṣẹ. Ọ̀pá aṣọ mẹ́ta bàjẹ́, mo sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ó ti lọ. Irú aṣọ onílà yẹn làwọn oníbàárà ń béèrè báyìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti ń rà á. Àwọn tó kù kì í dábàá nǹkan kan mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó aṣọ kì í ṣe eré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó àrà tó dá kò ní dá òmíràn, àwọn tó ń wò ó náà á sì panu mọ́.

Ẹ wo iṣẹ́ yín gan-an. Ìyẹ́ adìẹ làwọn ìyá wa ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ díẹ̀díẹ̀, aṣọ kan lè gbà wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Ẹnìkan wá gé ọnà sára páànù, ó tẹ́ ẹ lé aṣọ, ó fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Bó ṣe gbé páànù kúrò, ọnà ti jáde. Lónìí, ìda gbígbóná àti fóòmù tí a fi abẹ gé ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ọmọ iṣẹ́ lè dá àrà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló máa ra aṣọ sí i, tí yóò dá iye lé e, tí yóò pàtẹ rẹ̀, kó tó di òwò.

Ó sì lè pẹ́. Ní 1968, Spencer Silver ti ilé iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ṣe gọ́ọ̀mù kan tí kì í lẹ̀ típẹ́típẹ́. Wọn ò rí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ní 1974, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Art Fry, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwé pélébé ń já bọ́ nínú ìwé orin rẹ̀, rántí gọ́ọ̀mù náà. Ó di 1980 kí Post-it, ìwé pélébé tí wọ́n fi irú gọ́ọ̀mù yẹn sí lẹ́yìn, tó gba Amẹ́ríkà kan.

Ẹ kó àjákù aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, kí ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ tiwọn. Èyí tó bá bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ ni àdánù rẹ̀. Èyí tó bá tà, ẹ fún ẹni tó dá a ní nǹkan lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ọmọ yẹn lọ. Ẹ dá owó ọ̀pá mẹ́ta yẹn padà fún un, lójú àwọn tó kù.