Rélùwéè kékeré tí a lè fi páálí àti sípóòkù ṣe



Ojú irin kò dé Koro. Ẹni tó bá fẹ́ rí rélùwéè, àfi kó lọ sí Ọ̀ffà, lórí ọ̀nà tó ti Èkó wá, tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo, tó sì kọjá sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Nílùú òyìnbó, àgbàlagbà pàápàá máa ń to rélùwéè kékeré sínú yàrá. Ẹ́ńjìnnì oníná ni wọ́n ń rà, owó yẹn kì í ṣe owó ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi o, adùn eré náà kò sí nínú ẹ́ńjìnnì. Ó wà nínú títo ọkọ̀ ẹrù.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Wright, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Inglenook Sidings. Ojú irin mẹ́ta ni: ọ̀kan gba ọkọ̀ ẹrù 5, méjì tó kù gba 3, 3. Nínú ọkọ̀ 8, a ó mú 5, a ó sì tò wọ́n bí ìbò bá ṣe jáde. Tiwa yóò kéré jù bẹ́ẹ̀: ojú irin 3, 2 àti 2, ọkọ̀ ẹrù 5, kí a to 3.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Láàárín irin méjèèjì ní Ọ̀ffà, mìlímítà 1,067 ni. Pín in sí 50, ó di 21 lé díẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù náà, 50 ni kẹ́ ẹ fi pín in. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 á di 3.4. Ibí yìí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́: ibùsọ̀ á rẹwà, èrò inú rẹ̀ á ga ju ilẹ̀kùn lọ!

Ẹ tọrọ sípóòkù tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀là ọparun. Gọ́ọ̀mù nìkan la máa rà. Fún táyà, ẹ gé róbótó kékeré lára sílípáàsì, kẹ́ ẹ lẹ róbótó páálí tó tóbi díẹ̀ mọ́ ọn ní apá inú. Etí yẹn ni kì í jẹ́ kó bọ́ lórí irin; ti rélùwéè gidi náà ní in. Ẹyọ ìgbálẹ̀ líle ló máa so táyà méjì pọ̀, kẹ́ ẹ kì í bọ inú ike bírò tó ti tán kó lè yí. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9, ìkọ́ wáyà gba 1. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó má fúyẹ́ jù.

Ibi tí ọ̀nà ti ya ló le jù. Ẹ má kọ́ ọ rárá. Ẹ fi irin sórí páálí líle tó gùn ní 30, kó gba ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ 2, kẹ́ ẹ kan ìdí rẹ̀ mọ́ pákó pẹ̀lú ìṣó kan ṣoṣo, kí orí kejì lè máa yí sí ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pákó tó gùn ní 65 gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ 1 dé 5 sára àwọn ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí bébà pẹ̀lú. Fa bébà mẹ́ta: bí wọ́n ṣe jáde ni kó o ṣe tò wọ́n sójú irin tó gùn. Ẹ́ńjìnnì nìkan lọ́wọ́ lè tì tàbí fà; ìkọ́ nìkan lo lè fọwọ́ kàn lára ọkọ̀. Ìtò 60 ló wà níbẹ̀, torí 5 × 4 × 3 ni (ti Wright jẹ́ 6,720, ẹ bi tíṣà Math). Ẹni méjì lè fa ìbò kan náà. Ẹni tó bá ti ẹ́ńjìnnì níye ìgbà tó kéré jù ló borí.