Àpótí ìmọ̀: Iná fún ewéko inú omi
Kì í ṣe iná tó mọ́lẹ̀ jù lójú wa ló dára jù fún ewéko inú àpótí ẹja onígíláàsì. Anubias barteri, tó ń hù létí odò lábẹ́ ibòji igbó ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kì í kánjú dàgbà. Bí iná bá pọ̀ jù, álígì, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára gíláàsì, ni yóò bo ewé rẹ̀ tó nípọn. Ewéko pupa wá ńkọ́? Lóòótọ́, iná tó lágbára ni ìyẹn ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí carbon dioxide àti ajílẹ̀ kò bá tó nínú omi, álígì ni yóò jàǹfààní iná ọ̀hún. Ewéko ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó ra iná. LED tí kò le jù, fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́, tó Anubias.